Àwọn Ilé Ẹlẹ́mu àti Ilé Ọtí Àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó: Bí Wọ́n Ti Gbilẹ̀ àti Ohun Tí Ó Tì Wọ́n Pa

Ìfáàrà

Bí ènìyàn bá dúró ní Ìdúmọ̀tà lónìí, tí ó kọjú sí ọ̀nà Èbúté Èrò, ọjà ni yóò máa wò títí ojú rẹ̀ yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ilé ìtajà wà lórí ilé ìtajà. Aláàárù ń ké pé kí a yà fún òun. Ọkọ̀ kò rí ọ̀nà gbà. Bí ó bá béèrè ibi tí àwọn àgbà àdúgbò ti ń jókòó mu ẹmu ní ìrọ̀lẹ́, ó ṣeé ṣe kí àwọn ọ̀dọ́ tí ń tajà níbẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín. Lójú wọn, ohun ará oko ni ẹmu jẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nígbà kan rí, ilé ẹlẹ́mu kò ṣọ̀wọ́n ní Erékùṣù Èkó. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni òṣìṣẹ́ èbúté, akọ̀wé, oníṣẹ́ ọwọ́ àti atukọ̀ ti ń pàdé, tí orin tuntun ti ń jáde, tí a ti ń fi ìròyìn ìlú wé ara wọn.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti tọpasẹ̀ àwọn ilé wọ̀nyí: ohun tí ó mú wọn gbilẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe fún ìlú, àti ohun tí ó tì wọ́n pa. Lórí ìbéèrè ìkẹyìn yìí, ìdáhùn méjì ni a sábà máa ń gbọ́. Àwọn kan ní ẹ̀sìn ni ó lé ẹlẹ́mu kúrò ní Èkó. Àwọn mìíràn ní ọ̀làjú ni: pé bí ojú ènìyàn ti ń là ni ó ń fi igbá sílẹ̀ tí ó ń gbé ife. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ìdáhùn méjèèjì, ṣùgbọ́n a ó gbìyànjú láti fi hàn pé wọn kò tó. Ilẹ̀, omi àti afárá ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà ju bí a ti rò lọ. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá sì ni, a jẹ́ pé kì í ṣe ẹlẹ́mu nìkan ni ó fara gbá a.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a ya àwọn orúkọ sọ́tọ̀. Ilé ẹlẹ́mu ni ibi tí a ti ń ta ẹmu ọ̀pẹ àti ògùrọ̀, tí ó sábà máa ń jẹ́ ìyẹ̀wù tàbí ẹ̀yìnkùlé ẹni tí ń tà á. Ilé ọtí ni a máa ń pe èyí tí jìnì, sìnáàpù àti ọtí ìgò mìíràn wà. Bíà pálọ̀ jẹ́ ọmọ ìkẹyìn wọn, èyí tí firíìjì àti iná mànàmáná bí. Kílọ́ọ̀bù àti òtẹ́ẹ̀lì sì jẹ́ ti àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn, níbi tí a ti ń fi aṣọ wọlé. Gbogbo wọn la ó mẹ́nu kàn, ṣùgbọ́n ilé ẹlẹ́mu ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ wa.

Ẹmu, Omi àti Èbúté

Ọjà tí kò ṣeé tọ́jú ni ẹmu. Láàárọ̀, nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sọ̀kalẹ̀, ó dùn bí omi ṣúgà. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà ti wà nínú rẹ̀ láti orí igi, ó sì ń sọ adùn náà di ọtí láti wákàtí dé wákàtí. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ti le. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan. Nítorí náà, ìlú tí kò bá sún mọ́ ibi tí a ti ń dá ẹmu kò lè mu ẹmu tí ó dára. Erékùṣù Èkó kò ní igbó ọ̀pẹ tí ó lè tó irú èrò tí ó kó sínú rẹ̀. Ohun tí ó ní ni ọ̀sà. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà yìí, ní apá Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì, ọ̀pẹ wà ní òkè ilẹ̀, igi ògùrọ̀ sì wà nínú àbàtà. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé ọjà wọn wọ ìlú, èbúté Ìsàlẹ̀ Èkó, pàápàá Èbúté Èrò, sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ ti ń gúnlẹ̀.

Èyí ni ó jẹ́ kí ilé ẹlẹ́mu jẹ́ ọmọ èbúté. Ẹni tí ń ta ẹmu gbọ́dọ̀ wà níbi tí ó ti lè tètè gbà á lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀. Ẹni tí ń mu ún pẹ̀lú sì wà nítòsí: aláàárù, atukọ̀, apẹja, àti àwọn oníṣẹ́ ilé ìtọ́jú ẹrù àwọn oníṣòwò òyìnbó ní Marina. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ní 1896, tí a sì ṣí afárá Carter ní 1901, àwọn òṣìṣẹ́ túbọ̀ pọ̀ sí i ní ìlú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó fi aya àti ẹbí sílẹ̀ ní ilé. Yàrá kan ni wọ́n ń gbé, bóyá ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún pọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní pálọ̀ tí yóò gba àlejò sí. Ilé ẹlẹ́mu ni pálọ̀ rẹ̀.

Ó ní ìlànà tí a ń tẹ̀lé níbẹ̀. Ẹlẹ́mu a kọ́kọ́ bu díẹ̀ tọ́ wò lójú oníbàárà, kí ó hàn pé kò sí ibi nínú rẹ̀. Ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré jù ni í máa ń ṣe agbọ́tí. Àgbà a ta díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ó ti lọ kí ó tó gbé e sí ẹnu. A kì í dá mu. Bí ẹnì kan bá dé bá àwọn tí ó ti jókòó, wọ́n á fún un ní ahá kan kí wọ́n tó béèrè ohun tí ó bá wá. Bí àwa tí a jẹ́ ọmọdé nígbà náà kò tilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti jókòó níbẹ̀, a mọ àwọn ìlànà wọ̀nyí.

Kí ẹ jọ̀wọ́ fún mi láyè láti fi ìrántí kan kún un. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, bàbá àgbà wa a máa fi ṣágo rán mi sí ìyá ẹlẹ́mu kan ní ẹ̀yìn ilé wa. Bí mo bá ti kúnlẹ̀ tí mo ní, "Ẹ kú ìnáwó o, Ìyá," yóò bi mí pé, "Ta ni ó rán ọ?" Bí mo bá ní bàbá àgbà ni, yóò lọ bù ú láti inú akèrègbè tí ó wà ní kọ̀rọ̀, kì í ṣe èyí tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà. Kì í fi ìdérí dí ṣágo náà. Ewé ni ó ń ká sí i lẹ́nu kí ìfóòfó rẹ̀ lè rí ọ̀nà jáde, yóò sì kìlọ̀ fún mi pé, "Rọra rìn o. Bí o bá sáré, ọ̀nà ni yóò mu ún." Nígbà tí a kó kọjá afárá, bàbá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí mu bíà inú ìgò nínú yàrá rẹ̀. Ó máa ń sọ pé ọtí tí a kò rí ẹni bá mu, oògùn ni. Ìgò kan kì í sì í tán.

Jìnì, Owó Ibodè àti Àwọn Oníwàásù

Ẹmu kò dá wà ní ìlú. Láti ayé òwò ẹrú ni ọtí òkè òkun ti ń wọ etíkun wa. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ ogun lu Èkó ní òpin 1851, tí Ọba Dòsùnmú sì fọwọ́ sí ìwé tí ó fi ìlú lé wọn lọ́wọ́ ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ, 1861, òwò epo àti èkùrọ́ gbilẹ̀, jìnì sì wà nínú ohun pàtàkì tí àwọn oníṣòwò fi ń ṣe pàṣípààrọ̀. Láti Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì àti láti ilẹ̀ Holland ni àpótí jìnì onígò onígun mẹ́rin ti ń wá. Ó di ohun tí a ń fi tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olóyè Ìdẹ́jọ, tí a fi ń ṣe ìdána, tí a fi ń sìnkú àgbà. Bí jìnì ṣe wọ inú àṣà wa nìyẹn, tí a kò fi lè yọ ọ́ mọ́.

Ìjọba amúnisìn pàápàá ń mu nínú jìnì yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ni ó ń mu. Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní, owó ibodè orí ọtí jù ìdajì gbogbo owó ibodè Gúúsù Nàìjíríà lọ. Èyí ṣe pàtàkì láti mọ̀, nítorí òun ni ó jẹ́ kí a lóye ìjà tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín ìjọba àti ìjọ. James Johnson, tí ó jẹ́ olùṣọ́ àgùntàn ìjọ St. Paul's, Breadfruit, láti 1880, wàásù tako òwò jìnì kíkan kíkan. Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell gba ọ̀nà kan náà, títí ọ̀rọ̀ fi dé etí ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London. Ní 1909, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lórí òwò ọtí ní Gúúsù Nàìjíríà. Ìgbìmọ̀ náà sọ pé àwọn kò rí ẹ̀rí pé ọtí ń ba àwọn ènìyàn jẹ́. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí owó ìjọba ti ń wá kò ní ṣe kàyéfì púpọ̀ sí ìdájọ́ yìí. Ayọ̀dèjì Olúkòjú, onímọ̀ ìtàn ní Yunifásítì Èkó, wà nínú àwọn tí ó ti ṣe iṣẹ́ ńlá lórí ọ̀rọ̀ òwò ọtí àti ìjọba yìí.

Lẹ́yìn ogun náà, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Saint-Germain-en-Laye ní 1919 fi òfin de jìnì olówó pọ́ọ́kú. Èyí tí ó kù wọ́n. Nígbà tí ọ̀dá owó àwọn ọdún 1930 dé, ògógóró tí a ń pọn láti inú ẹmu gba ìgboro. Ìjọba pè é ní ọtí èèwọ̀, ọlọ́pàá sì ń kó ẹni tí ó bá ń pọn ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe rí i pé ohun tí ìjọba ń gba owó ibodè lórí rẹ̀ ni ó bófin mu; èyí tí kò lè gba owó lórí rẹ̀ ni ó léwu fún ìlera. Kì í ṣe Èkó nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní ìlú Durban ní Gúúsù Áfíríkà, láti 1908 ni òfin ti fún ìjọba ìlú láyè láti gba títa ọtí ọkà mọ́ àwọn obìnrin lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń fi èrè rẹ̀ ṣe ìṣàkóso àwọn aláwọ̀ dúdú fúnra wọn.

Orin Tí Ó Jáde Láti Inú Ilé Ẹlẹ́mu

Bí a bá ní kí a ka ohun rere tí àwọn ilé wọ̀nyí bí, orin ni yóò ṣáájú. Àwọn atukọ̀ tí ó ń bọ̀ láti Sàró, Gana àti Làìbéríà mú gìtá wọ Èkó. Àwọn ọmọ Àgùdà tí ó ti Brazil àti Cuba dé, tí wọ́n tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà, ní ìlù àti ijó tiwọn. Àwọn ọmọ Sàró ní Olówógbowó ní orin ìjọ. Ẹgbẹ́ Ogun Ìgbàlà dé ní 1920 pẹ̀lú tanboríìnì. Àwọn Mùsùlùmí ní sákárà, èyí tí Àbíbù Olúwa jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó sọ ọ́ di olókìkí ní Èkó. Gbogbo ìwọ̀nyí wà ní erékùṣù kan tí ẹsẹ̀ lè rìn já. Ibo ni ọmọ Sàró akọ̀wé yóò ti pàdé oníṣẹ́ ọwọ́ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tí kò mọ̀wé? Kò lè jẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì lè jẹ́ nínú mọ́ṣáláṣí. Nídìí ẹmu ni.

Túndé King, tí a bí ní 1910, tí ó sì dàgbà ní àdúgbò àwọn Sàró, ni a mọ̀ sí ẹni tí ó fi orúkọ jùjú múlẹ̀. Ó jẹ́ akọ̀wé ní ọ̀sán. Ní alẹ́, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a kóra jọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Olówógbowó, wọ́n á máa mu, wọ́n á máa kọrin. Christopher Waterman, tí ó kọ ìwé lórí ìtàn jùjú ní 1990, ṣàlàyé bí orin yìí ti ti inú irú àpèjọ bẹ́ẹ̀ bọ́ sí pálọ̀ àwọn ọlọ́lá, nínú ìkómọ àti ìsìnkú. Ní 1936 ni Túndé King ṣe àwo fún Parlophone. Ìrèwọ̀lédè Dẹngẹ́ àti Ọ̀jọ̀gẹ́ Daniel wà nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àkókò náà. Àyìndé Bákàrè bẹ̀rẹ̀ sí ṣe àwo ní 1937.

Ambrose Campbell, ọmọ Èkó tí bàbá rẹ̀ jẹ́ oníwàásù, jẹ́ àpẹẹrẹ mìíràn. Ní kọ̀rọ̀ ni ó ti ń bá àwọn onígìtá lọ nítorí ìbínú bàbá. Nígbà tí ó dé London, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, West African Rhythm Brothers, lu ìlù ní ìgboro ní ọjọ́ tí ogun parí ní Yúróòpù ní 1945, wọ́n sì wá di ẹni tí ń ṣeré ní kílọ́ọ̀bù Abalabi ní Soho. Báyìí ni orin ìdí ẹmu Èkó ṣe rí ilé ní ìlú òyìnbó. Kílọ́ọ̀bù náà pàápàá ti di ìtàn báyìí.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé lítíréṣọ̀. Amos Tutùọlá ń ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́ ní ẹ̀ka ìjọba tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó nígbà tí ó kọ ìtàn ọ̀mu ẹmu rẹ̀, èyí tí a tẹ̀ ní London ní 1952. Ìtàn ẹni tí adẹ́mu rẹ̀ jábọ́ lórí ọ̀pẹ tí ó kú, tí àwọn ọ̀rẹ́ sì tú ká nítorí pé ẹmu kò sí mọ́, kì í ṣe ìtàn iwin lásán lójú ẹni tí ó mọ ohun tí ilé ẹlẹ́mu jẹ́. Ṣáájú rẹ̀, nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ní 1929 sí 1930, Isaac Thomas ti tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, níbi tí a ti rí fàájì àti ìdààmú inú Erékùṣù Èkó ní èdè Yorùbá.

Òtẹ́ẹ̀lì Bristol: Ọ̀ràn Ẹnu Ọ̀nà

Ní ẹ̀gbẹ́ kejì ìlú, ilé ọtí tí ó ní ìlẹ̀kùn wà. Ìlẹ̀kùn náà kì í sì í ṣí fún gbogbo ènìyàn. Òtẹ́ẹ̀lì Bristol, tí Gíríìkì kan ni ín, ni ó hàn jù nínú ìtàn. Ní oṣù kejì ọdún 1947, Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ti London wá, dé síbẹ̀. Wọ́n ti gba yàrá sílẹ̀ fún un. Ìyá rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, bàbá rẹ̀ jẹ́ dókítà ọmọ Sàró. Nígbà tí wọ́n rí àwọ̀ rẹ̀, wọ́n ní kò sí yàrá fún un.

Ìlú gbóná. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tí kì í rí ara wọn sójú para pọ̀ láti fi ẹ̀hónú hàn. Ní ọdún náà ni Gómìnà Arthur Richards fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀ka ìjọba pé kí ìyàtọ̀ àwọ̀ dópin ní àwọn ibi tí ó jẹ́ ti ìjọba, títí kan ilé ìwòsàn tí a ti yà sọ́tọ̀ fún òyìnbó. Cummings yìí kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán lọ pàdé àwọn èrò inú ọkọ̀ Empire Windrush nígbà tí wọ́n dé láti Jàmáíkà ní oṣù kẹfà, 1948.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni èyí. Nínú ilé ẹlẹ́mu, kí a tó béèrè orúkọ àlejò ni a ti fún un ní ahá. Ní Bristol, àlejò ti ní yàrá kí ó tó dé, síbẹ̀ ó sùn sí ibòmíràn. Nígbà tí a bá ń sọ pé ọ̀làjú ni ó gba ipò ilé ẹlẹ́mu, ó yẹ kí a béèrè irú ọ̀làjú tí à ń sọ.

Ohun Tí Ó Tì Wọ́n Pa

A ti dé orí kókó ọ̀rọ̀ wa. Ṣé ẹ̀sìn ni? James Johnson ti ń wàásù láti àwọn ọdún 1880. Mọ́ṣáláṣí ńlá Shitta-Bey ti ṣí ní 1894. Bí ó bá jẹ́ pé ìwàásù nìkan ni, à bá ti rí àmì rẹ̀ ní kíá. Ṣùgbọ́n àwọn ọdún 1920 àti 1930, tí ìjọ àti mọ́ṣáláṣí ti kún Èkó, ni orin ìdí ẹmu gbilẹ̀ jù. Ẹ̀sìn sọ ilé ẹlẹ́mu di ohun tí àwọn kan ń fi pamọ́. Kò tì í.

Ṣé bíà ni? Ní 1946 ni a dá ilé iṣẹ́ Nigerian Breweries sílẹ̀. Ní oṣù kẹfà, 1949, ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní Ìgànmú. Guinness tẹ̀ lé e ní Ìkẹjà ní 1962. Bíà ní ohun tí ẹmu kò ní: ó lè dúró nínú ìgò fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú ìgbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀. Ẹni tí ó ń gbé Sùúrùlérè tàbí Muṣin rí i rà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ń gbé Èbúté Èrò. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba tí ó wà ní Òṣòdì, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1956, gbìyànjú láti fi ẹmu náà sínú ìgò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò sọ ẹmu di ẹgbẹ́ bíà. Bíà ba ẹmu jà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oníbàárà kì í fi ibi tí ó ti mọ́ ọn lára sílẹ̀ nítorí ìgò nìkan. Àwọn oníbàárà fúnra wọn ni a kó kúrò.

Àjàkálẹ̀ àrùn eku jà ní Èkó ní 1924. Láti inú ìbẹ̀rù rẹ̀ ni a fi dá ìgbìmọ̀ atúnlùúṣe Èkó, LEDB, sílẹ̀ ní 1928. Ní 1955, bí òmìnira ti ń sún mọ́lé tí ìjọba sì fẹ́ kí olú ìlú dùn-ún wò, ìgbìmọ̀ yìí gbé ètò kalẹ̀ láti wó ilé tí ó wà lórí ilẹ̀ tí ó tó éékà 70 ní àárín gbùngbùn erékùṣù. Wọ́n kọ́ ilé sí Sùúrùlérè fún àwọn tí a ó kó kúrò. Peter Marris, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ náà tí ó sì kọ ìwé rẹ̀ ní 1961, fi hàn pé ohun tí àwọn ènìyàn pàdánù kì í ṣe ògiri. Oníṣòwò kékeré pàdánù oníbàárà rẹ̀. Owó ọkọ̀ gbé àwọn ẹbí sá fún ara wọn. Ẹni tí ó ti ń yà kí ìyá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo di ẹni tí ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Iṣẹ́ náà kò sì parí bí wọ́n ti pète rẹ̀.

Nínú irú ìtúká bẹ́ẹ̀, ilé ẹlẹ́mu ni yóò kọ́kọ́ kú. Alágbẹ̀dẹ lè gbé owú rẹ̀ lọ. Ẹni tí ń ta aṣọ lè rí ọjà mìíràn ná. Ẹlẹ́mu kò lè gbé èbúté lọ sí Sùúrùlérè, bẹ́ẹ̀ ni kò lè kó àwọn tí ó mọ orúkọ ara wọn jọ sí ojú kan mọ́. Ìjọba ní òun fẹ́ fi ẹwà kún ìlú. Ilé tí ó jó kì í ṣe ilé ọba, nítorí náà a kò mọ̀ bóyá ẹwà bù sí i.

Ó bọ́ sí àkókò kan náà pé ní oṣù kejì, 1955, ìjọba Gúúsù Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn aláwọ̀ dúdú kúrò ní Sophiatown, ní Johannesburg, tí wọ́n ń kó wọn lọ sí Meadowlands. Ibẹ̀ náà kún fún ilé ọtí àwọn obìnrin, láti ibẹ̀ sì ni orin tí ó gba ayé kan ti jáde. Ìyàtọ̀ ńlá wà: òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni ó wó Sophiatown, a kò sì lè fi Èkó wé e nínú èyí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ilé tí a wó lọ jọra.

Afárá ṣe ìyókù. Láti 1965 ni a ti ń kọ́ afárá Èkó, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ sí Apọ́ngbọ̀n, ibi tí a fi orúkọ McCoskry, òyìnbó apọ́n-ní-àgbọ̀n, sọ. Ní 1990 ni afárá kẹta parí, tí òun náà bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ Adéníji Adélé. Ọkọ̀ ilẹ̀ gba ipò ọkọ̀ omi, etí omi di ojú ọ̀nà ọkọ̀. Fàájì alẹ́ sì ti kọjá afárá ṣáájú: Bobby Benson ti ṣí Caban Bamboo sí ọ̀nà Ìkòròdú, Kakadu sì wà ní Yàbá. Àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú kò pẹ́ títí. Nígbà tí ìdààmú 1966 àti ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 dé, ọ̀pọ̀ olórin háílàìfù tí ó jẹ́ ará Ìlà-Oòrùn padà sílé, kílọ́ọ̀bù sì pàdánù wọn. Ní oṣù kejìlá, 1991, a gbé olú ìlú lọ sí Àbújá. Àwọn akọ̀wé ìjọba tí ń yà mu ìgò kan kí wọ́n tó wọkọ̀ lọ sílé bá a lọ. Ilé ìfowópamọ́ ńláńlá ń kó lọ sí Victoria Island. Ilẹ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó di ti ilé ìtajà àti ilé ìkẹ́rùsí, owó orí rẹ̀ sì ga ju èyí tí ahá ẹmu lè san lọ.

Ohun Tí Ó Bá Wọn Lọ

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé a ń yin ọtí. Ọ̀mùtí gbàgbé ìṣẹ́, ìṣẹ́ kò gbàgbé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ aya ni ó ti dúró de owó oṣù tí ó ti parí sí ìdí akèrègbè, a kò sì lè fi ọ̀rọ̀ dídùn pa ìyẹn rẹ́. Ṣùgbọ́n àwa tí a jẹ́ olùkọ́ èdè ní ọ̀rọ̀ tiwa láti sọ.

Ẹ wo òwe yìí: "Akèrègbè ni yóò júwe bí a ó ti fi okùn sí i lọ́rùn." Ẹ bi ọmọ kíláàsì yín ní Èkó pé kí ni akèrègbè. Ẹ wo òmíràn: "Igbá lọ́wọ́, igbá lẹ́sẹ̀, kì í jẹ́ kí ọ̀pẹ ṣe é gùn." Ọmọ tí kò rí adẹ́mu rí lè kọ́ òwe náà sórí fún ìdánwò, kò lè rí i lójú inú. Ahá, agbè, igbà, ìfóòfó, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ògùrọ̀: ọ̀rọ̀ tí ó ní ilé ni ìwọ̀nyí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ilé wó, wọ́n di ọ̀rọ̀ inú ìwé atúmọ̀ èdè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ tí ó dá ẹgbẹ́ ọ̀mu ẹmu sílẹ̀ ní 1962 gbìyànjú láti gbé díẹ̀ dúró nínú orin àti àwàdà wọn, ó sì tàn dé yunifásítì mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò lè rọ́pò àdúgbò.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé omi ni ó bí ilé ẹlẹ́mu Ìsàlẹ̀ Èkó, pé òṣìṣẹ́ tí kò ní pálọ̀ ni ó tọ́ ọ dàgbà, àti pé ìtúká àdúgbò, afárá àti owó ilẹ̀ ni ó tì í pa, lẹ́yìn tí ẹ̀sìn ti dójú tì í tí bíà sì ti gba oníbàárà rẹ̀. Ìgbà kì í lọ bí òréré. A kò sọ pé kí a tún kọ́ wọn padà. Ohun tí a ń sọ ni pé ìlú tí ó ń wó ilé gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó wà nínú ilé náà.

Iṣẹ́ wà fún wa. Àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá ayé àtijọ́, Èkó Àkéte ti 1922, Ẹlẹ́tí Ọfẹ ti 1923 àti Akéde Èkó ti 1928, kún fún ìròyìn fàájì, ìjà àti ìpolówó ọtí tí a kò tíì kà tán. Àwọn àgbà tí ó jókòó nídìí ẹmu ní Olówógbowó kò pọ̀ mọ́. Bí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní Èkó bá rán akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún lọ bá àgbàlagbà ilé wọn, kí wọ́n kọ orúkọ ibi tí wọ́n ti ń mu, ohun tí wọ́n fi ń bù ú, àti ẹni tí ń bá wọn mu sílẹ̀, a ó ní ìwé tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ. Kí wọ́n tètè lọ. Ìyá ẹlẹ́mu tí ó ń bi mí pé ta ni ó rán mi kò sí mọ́, ibi tí ilé rẹ̀ wà sì ti di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Èmi kò mọ orúkọ rẹ̀. Ìyá ni gbogbo wa ń pè é.